Ìhà Kì í Ṣe Ìwà: Àyẹ̀wò Eré Àgbéwọ̀ àti Owó tí A Ń Ná Lé e

Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Àwọn àgbà ni ó wí bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni a lè wí pé orúkọ rere tí a kọ sórí ìwé kọ́ ni ìwà rere. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn-àròsọ rí mọ èyí dájú: òǹkọ̀wé lè pe ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ní olóòótọ́ ní ojú-ewé kìíní, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀dá náà bá ṣe ní ojú-ewé ogójì ni òǹkàwé yóò fi dá a lẹ́jọ́. Òṣùwọ̀n yìí ni a fẹ́ fi wọn irú iṣẹ́ ọnà kan tí àwa tí a ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ kì í sábà kà kún, èyíinì ni eré kan tí a ń fi ẹnu ṣe nídìí tábìlì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Nítorí pé olúkúlùkù òṣèré níbẹ̀ a máa gbé ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀ bí ẹni gbé agọ̀ wọ̀, eré àgbéwọ̀ ni a ó máa pè é nínú àròkọ yìí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan béèrè pé, kí ni ó kan ẹgbẹ́ wa nínú eré tí àwọn ẹlòmíràn dá sílẹ̀? Ìdáhùn wa pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní, ìtàn ni eré yìí, ìtàn tí kò sí nínú ìwé kankan títí àwọn tí ó jókòó yóò fi sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Àwa tí a sì mọ̀ pé àlọ́ kò dùn láìsí àwọn tí ń gbe orin rẹ̀, kò yẹ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Èkejì, ìbéèrè méjì ni ó máa ń jẹyọ bí a bá dárúkọ eré náà níwájú àwọn olùkọ́: ǹjẹ́ kò ní ba ìwà ọmọ jẹ́? Èló ni yóò sì ná ni? Àwọn ènìyàn a máa dá ìbéèrè méjèèjì lóhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni pé wọn kò bá ara wọn tan. Èrò tiwa ni pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àti pé ẹni tí ó bá mọ ibi tí ìwà ń gbé nínú eré yóò mọ ohun tí ó yẹ kí òun fi owó òun rà àti ohun tí kò yẹ.

Kí a tó ṣe ìdájọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń dá lẹ́jọ́. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó sábà ń jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí: òun ni ó ń sọ bí ibi tí wọ́n dé ti rí, òun ni ó sì ń gba ẹnu ọ̀tá àti ẹnu àlejò sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù ní ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù sì ń sọ ohun tí ẹ̀dá tirẹ̀ fẹ́ ṣe. Bí ohun náà bá jẹ́ èyí tí ó lè yọrí sí rere tàbí kí ó já sí pàbó, a ó da dáìsì, iye tí dáìsì bá sì gbé jáde ni yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ìwé pélébé kan wà níwájú òṣèré kọ̀ọ̀kan, níbi tí a kọ agbára, ọgbọ́n, ohun-ìní àti ipò ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ sí. Kò sí ẹni tí ó borí, kò sí ẹni tí a borí. Ìtàn kan lè parí ní alẹ́ ọjọ́ kan. Òmíràn a sì máa gba ọdún púpọ̀.

Dungeons & Dragons ni eré àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ jáde ní irú ọ̀nà yìí. Gary Gygax àti Dave Arneson ni ó ṣe é. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ TSR, tí ó wà ní ìlú Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ni ó sì gbé e jáde. Ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú páálí kan ni. Dọ́là 10 ni wọ́n ń tà á, ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀. Inú eré ogun tí a ń fi ère ọmọ-ogun kéékèèké ṣe lórí tábìlì ni ó ti jáde, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé ìjà ni ó gba àyè tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn akọni yóò wọ inú ihò ilẹ̀, wọn yóò bá àwọn ẹ̀dá abàmì jà, wọn yóò sì kó ìṣúra jáde.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ń ní kí òṣèré kọ ìhà tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ dúró sí sórí ìwé rẹ̀. Mẹ́ta péré ni ìhà náà ní 1974: Ètò, Rúdurùdu, àti Àárín. Inú ìtàn Poul Anderson àti ti Michael Moorcock ni èrò yìí ti wá, níbi tí Ètò àti Rúdurùdu ti ń bá ara wọn jagun láìdáwọ́ dúró. Ní 1976 ni Gygax fi Rere àti Ibi kún un. Nígbà tí ó sì fi di 1978, tí ìwé òṣèré ti Advanced Dungeons & Dragons jáde, ìhà ti di mẹ́sàn-án: ẹ̀dá-ìtàn lè jẹ́ ti Ètò pẹ̀lú Rere, ó lè jẹ́ ti Ètò pẹ̀lú Ibi, ó lè jẹ́ ti Rúdurùdu pẹ̀lú Rere, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí iye náà yóò fi pé. Ẹ kíyè sí i pé ìhà ni a túmọ̀ rẹ̀ sí, a kò túmọ̀ rẹ̀ sí ìwà. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé àgọ́ tí ènìyàn wà lójú ogun jẹ́ nǹkan kan, ohun tí ó wà nínú ọkàn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan mìíràn.

A kò gbọdọ̀ ṣàì yin ohun tí ó yẹ ní yíyìn. Ẹni tí kò tíì ṣe eré yìí rí kì í mọ ibi tí yóò ti mú ọ̀rọ̀ ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Bí a bá sọ fún un pé, “Ọmọ Ètò àti Rere ni ọ́,” ó ti ní ìpìlẹ̀ tí yóò dúró lé. Yàtọ̀ sí èyí, pé a tilẹ̀ béèrè ìwà lọ́wọ́ òṣèré rárá jẹ́ ohun tuntun, nítorí pé kò sí ẹni tí í béèrè lọ́wọ́ ọmọ lúdò bóyá olóòótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìlànà eré náà ń kà. Ní ọjọ́ wọnnì, bí akọni bá gbé owó wúrà kan jáde láti inú ihò, àmì ìrírí kan ni yóò gbà. Bí àmì ìrírí rẹ̀ bá sì pọ̀ tó, yóò bọ́ sí ipò tí ó ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tí ó kọ Rere sórí ìwé rẹ̀, tí ó sì tú ibojì àwọn òkú ká, yóò di ẹni ńlá. Ẹni tí ó kọ Rere bákan náà, tí ó sì fi òru kan tọ́jú ọ̀tá tí ó fara gbọgbẹ́, kò ní rí àmì kan gbà lórí iṣẹ́ náà. Orí ìwé sọ ọ̀kan, ìṣirò sọ òmíràn, ìṣirò ni òṣèré sì ń gbọ́ tirẹ̀. Kì í ṣe pé ọkàn òṣèré burú. Ibi tí èrè bá wà ni ẹsẹ̀ ń tọ̀.

Ìdájọ́ òdodo gbà pé kí a sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ti fi ọgbọ́n gbèjà ìlànà wúrà yìí, a sì rò pé wọ́n rí ọ̀rọ̀ sọ. Àmì tí a ń rí lórí ìṣúra pọ̀ fíìfíì ju èyí tí a ń rí lórí pípa ẹ̀dá abàmì lọ. Nítorí náà, akọni tí ó bá lè fi àrékérekè tàbí ọ̀rọ̀ dídùn gba ìṣúra láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni ó gbọ́n jù. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ọgbọ́n ni ìlànà náà fi kọ́ni, kò fi ìwà kọ́ni, ọgbọ́n àti ìwà kì í sì í ṣe ohun kan náà.

Ibì kan wà tí ìhà ti ní eyín nínú ìwé 1978 náà, èyíinì ni nínú ọ̀rọ̀ jagunjagun mímọ́ tí wọ́n ń pè ní paladin. Ètò pẹ̀lú Rere ni ìhà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìdá mẹ́wàá ohun tí ó bá rí gbà ni yóò fi tọrẹ, kò sì gbọdọ̀ ní ju ohun-èlò onídán mẹ́wàá lọ. Bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi, agbára mímọ́ rẹ̀ lọ láé. Níhìn-ín ni rere ti ní iye tí a ń san lé e. A kò gbọdọ̀ ṣèyanu pé paladin ni òṣèré fi ń ṣe àríyànjiyàn jù nínú gbogbo ẹ̀dá inú eré náà: ẹ̀dá tí ó ní nǹkan tí ó lè sọnù ni a ń rántí. Àléébù rẹ̀ ni pé olùdarí nìkan ni adájọ́, bí olùdarí àti òṣèré kò bá sì gbà pọ̀ lórí ohun tí ibi jẹ́, ìjà yóò kúrò nínú ìtàn, yóò bọ́ sí ìdí tábìlì.

Àléébù mìíràn tilẹ̀ tún burú ju èyí lọ. Ìwé olùdarí tí ó jáde ní 1979 pa á láṣẹ pé bí ẹ̀dá-ìtàn bá yí ìhà rẹ̀ padà, yóò pàdánù ipò kan. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Olóòótọ́ tí ó di ọ̀dàlẹ̀ yóò san ìtanràn. Ìkà tí ó ronú pìwà dà yóò san ìtanràn bákan náà. Ìlànà náà kò bìkítà nípa rere tàbí ibi. Ohun tí ó kórìíra ni ìyípadà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyípadà ọkàn ni ẹ̀jẹ̀ inú ìtàn. Òǹkọ̀wé tí ó bá sọ pé kí ẹ̀dá-ìtàn òun má ṣe yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti so òkú mọ́ ara ìwé rẹ̀.

Láti orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà dé orí odidi ìran. Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, ìran ẹ̀dá kan wà, bí àwọn orc, tí a kọ Ibi sí lára láti ìbí. Akọni kì í béèrè ohun tí wọ́n ṣe kí ó tó pa wọ́n. A ti bá a béèrè sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣèré ni ó ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu èyí tipẹ́. Ní 2020 ni Wizards of the Coast, ilé-iṣẹ́ tí ó ti ra TSR ní 1997, kéde pé òun yóò tún ọ̀nà tí òun gbà ń ṣàpèjúwe irú àwọn ìran bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí a bá ha èérí kúrò lára ògiri, ó yẹ kí a tún béèrè bóyá ilé wà lẹ́yìn ògiri náà. Nínú ìwé tí ó jáde ní 2014, ìhà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ṣì wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí ìlànà eré ń fi wọ́n ṣe mọ́. Dípò wọn, a ní kí òṣèré kọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ gbàgbọ́, ẹni tàbí ohun tí ọkàn rẹ̀ so mọ́, àti àbùkù rẹ̀. Bí ó bá sì hùwà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó kọ, olùdarí lè ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń da dáìsì. Ìtẹ̀síwájú ni èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí ó wà lọ́wọ́ olùdarí nìkan ni, olùdarí tí ó bá sì ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ a máa gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo eré méjì tí ó gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1985 ni Greg Stafford ṣe Pendragon, tí ilé-iṣẹ́ Chaosium tẹ̀ jáde. Àwọn akọni ẹlẹ́ṣin Ọba Arthur, ọba inú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni òṣèré ń gbé wọ̀ níbẹ̀. Dípò ìhà kan, ìwà méjìméjì tí ó dojú kọ ara wọn ni a kọ sórí ìwé, ọ̀nà mẹ́tàlá: àánú dojú kọ ìkà, òtítọ́ dojú kọ ẹ̀tàn, ìrẹ̀lẹ̀ dojú kọ ìgbéraga, ìgboyà dojú kọ ojo, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àpapọ̀ méjèèjì nínú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju 20 lọ, kò sì gbọdọ̀ dín. Bí àánú ẹnì kan bá jẹ́ 13, ìkà rẹ̀ yóò jẹ́ 7. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ kìkì àánú. Ìkà díẹ̀ ń bẹ nínú olóore, àánú díẹ̀ sì ń bẹ nínú òǹrorò.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ìṣe ni ó ń yí nọ́ńbà padà. Bí akọni bá ṣàánú níbi tí ó ṣòro láti ṣàánú, a ó sàmì sí i. Nígbà tí ọdún inú ìtàn bá parí, tí òtútù dé, tí àwọn akọni padà sílé, òṣèré yóò da dáìsì lórí àmì kọ̀ọ̀kan. Bí dáìsì bá gbà, àánú yóò fi ẹyọ kan gòkè, ìkà yóò sì fi ẹyọ kan wálẹ̀. Bí ìwà kan bá sì ti dé 16, olùdarí lè ní kí òṣèré da dáìsì kí akọni tó lè ṣe òdìkejì rẹ̀. Agbéraga tí ó ti ń gbéraga láti ọdún yìí wá yóò rí i pé títẹríba kò wá lọ́wọ́ òun mọ́ ní ọjọ́ tí òun nílò rẹ̀. Bí ìwà ṣe ń di bárakú nìyí, ìlànà eré ni ó sì fi í hàn, kì í ṣe ìwàásù. Àríwísí wa lórí Pendragon ni pé ó ń fún akọni tí ìwà akọni rẹ̀ pé ní ààbò kún ààbò ìhámọ́ra rẹ̀, tí rere fi ń di ọjà tí a ń rà. Rere tí a bá ń ṣe nítorí ìhámọ́ra, ìnáwó ni. Kì í ṣe àánú.

Eré kejì ni Dogs in the Vineyard, tí D. Vincent Baker gbé jáde ní 2004. Ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin ni àwọn ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀, tí a rán láti ṣọ́ ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn inú àwọn ìlú kéékèèké ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ayé àtijọ́. Wọ́n ní àṣẹ láti ṣèdájọ́ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì ní ìbọn. Ìjà inú eré náà lè ti orí ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ń já ọ lẹ́sẹ̀, o lè gbé e dé orí ìfagbára-ṣe, kí o tibẹ̀ gbé e dé orí ìlù, kí o sì gbé e dé orí ìbọn. Ní ipele kọ̀ọ̀kan, ìwọ yóò rí dáìsì tuntun fi kún tọwọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bí ohun-ìjà bá ti le tó ni ìpalára tí yóò kù sára ẹ̀dá-ìtàn yóò ti le tó. A sì kìlọ̀ fún olùdarí pé kí ó má ṣe sọ fún òṣèré bóyá ìdájọ́ wọn tọ̀nà. Ìbéèrè kan ni eré náà ń bi òṣèré láìfọhùn: nítorí kí ọ̀rọ̀ rẹ lè ṣẹ, ṣé ìwọ yóò yìnbọn fún arákùnrin rẹ? Kò sí ìhà kankan lórí ìwé. Síbẹ̀, ní àṣálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo tábìlì yóò mọ irú ènìyàn tí olúkúlùkù jẹ́. Èéfín ni ìwà. Kò ṣe é fi aṣọ bò.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé òṣèré rere yóò ṣe ẹ̀dá-ìtàn rere nínú eré kéré tí a bá gbé fún un, àti pé ìlànà kì í fi ìwà sí ẹni lára. A gbà pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Apàlọ́ tí ó mọṣẹ́ lè fi ìtàn tí kò nítumọ̀ pa gbogbo agbo lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ aláríwísí kì í ṣe láti yin apàlọ́ nítorí ìtàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ohun tí ìtàn fúnra rẹ̀ ṣe. Olùkọ́ tí ó ní ogójì ọmọ níwájú rẹ̀ kò lè gbójú lé e pé òṣèré àrà ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn. Ohun tí ìlànà bá ń kà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò máa lépa.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ owó ti wọlé. A ti sọ pé dọ́là 10 ni páálí àkọ́kọ́ ní 1974. Bí a bá wo bí owó ti ń dín lágbára, dọ́là 10 ìgbà náà tó nǹkan bí dọ́là 48 ní 2014. Ní 2014 yìí kan náà, ìwé ńlá mẹ́ta ni eré náà di: ti òṣèré, ti olùdarí, àti ti àwọn ẹ̀dá abàmì. Dọ́là 49.95 ni iye tí a kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 149.85. Ìyẹn ni pé iye rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Lóòótọ́, ìwé náà tóbi, àwòrán inú rẹ̀ sì rẹwà. Lóòótọ́ pẹ̀lú, kò di dandan kí gbogbo òṣèré ra ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé-iṣẹ́ náà fi kókó ìlànà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún yẹn, ó sì ta páálí kékeré fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní dọ́là 19.99. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé eré olówó nìkan ni, àsọdùn ni ó sọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìwé mẹ́ta, òmíràn yóò jáde, lẹ́yìn ìyẹn ère kéékèèké, lẹ́yìn ère àwòrán ilẹ̀, lẹ́yìn àwòrán ilẹ̀ dáìsì aláràbarà. Bí òṣèré kò bá ṣọ́ra, yóò gba rírà ní ṣíṣe. Bí kíkó wúrà jọ ti rọ́pò ìwà nínú ihò ilẹ̀ ti 1974, bẹ́ẹ̀ ni kíkó ìwé jọ ṣe lè rọ́pò eré nínú ilé òṣèré.

Kí ni eré yìí nílò ní ti gidi? Ní 1979, nígbà tí dáìsì wọ́n TSR, ègé páálí tí a tẹ nọ́ńbà sí ni wọ́n fi sínú páálí eré fún àwọn tí ń bẹ̀rẹ̀. Òṣèré yóò kó wọn sínú ife, yóò sì mú ọ̀kan láìwò. Eré náà kò bàjẹ́ nítorí ìyẹn. Ní 2013 ẹ̀wẹ̀, John Harper gbé Lasers & Feelings jáde, ojú-ewé kan péré, lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, láti 2 dé 5, ni ìwà ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀. Bí nọ́ńbà rẹ bá ga, ìwọ jẹ́ ẹni tí ń fi ọpọlọ tútù ṣe nǹkan; bí ó bá kéré, ẹni tí ọkàn ń darí ni ọ́. Ìgbà tí iṣẹ́ bá jẹ́ ti ọpọlọ, dáìsì rẹ gbọ́dọ̀ kéré sí nọ́ńbà náà. Ìgbà tí ó bá jẹ́ ti ọkàn, ó gbọ́dọ̀ jù ú lọ. Ohun tí ó gbé ọ ró níhìn-ín ni yóò gbé ọ ṣubú lọ́hùn-ún. A kò sọ pé ojú-ewé kan yìí jinlẹ̀ tó Pendragon. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ìwà nìkan, ohun tí ó ń ṣe ju ohun tí àpótí mẹ́sàn-án ń ṣe lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Níní ìwé púpọ̀ kì í ṣe níní ìwà púpọ̀.

Ohun kan tí ó kù kàn wá tààrà. Ní 2000 ni Wizards of the Coast ti fún àwọn ẹlòmíràn láṣẹ láti fi ìlànà eré náà ṣe ìwé tiwọn. Ní oṣù kìíní 2023, ìròyìn jáde pé ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ pààrọ̀ àṣẹ ọ̀hún, kí àwọn tí ọjà wọn bá ju dọ́là 750,000 lọ lọ́dún sì máa san nínú rẹ̀. Àwọn òṣèré fárígá. Kí oṣù náà tó parí, ní ọjọ́ 27, ilé-iṣẹ́ náà fi kókó ìlànà ti 2014 sábẹ́ àṣẹ Creative Commons, tí kò ṣe é gbà padà. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa ni pé ẹnikẹ́ni lè túmọ̀ ìlànà náà sí èdè Yorùbá, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ fún ilé-ìwé, bí ó bá ti lè dárúkọ ibi tí ó ti mú un.

Ànfààní ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kò kéré. Ìhà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wà nínú ìlànà tí a fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ náà. Bí olùtumọ̀ tí kò fara balẹ̀ bá pè wọ́n ní ìwà, ó ti ba ọ̀rọ̀ tí ó ṣe iyebíye jù ní èdè wa jẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ, nítorí pé yóò kọ́ wọn pé ìwà jẹ́ ohun tí a ń mú nínú àpótí kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí ó pè wọ́n ní ìhà, tàbí kí ó fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá, kí ó sì ṣe ìlànà tí yóò máa ka ìṣe: ẹni tí ó mú ìlérí ṣẹ nígbà tí ó nira, ẹni tí ó jẹ́wọ́, ẹni tí ó dárí jì, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pàdánù kí wọ́n tó lè ṣe é.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ wa fún olùkọ́ tí ó béèrè nípa ìwà àti owó nìyí. Bí a bá gbé eré àgbéwọ̀ kan wá bá ọ, má ṣe kọ́kọ́ wo ohun tí a kọ sí ara páálí rẹ̀, má sì ṣe wo bí ìwé rẹ̀ ti nípọn tó. Béèrè ohun mẹ́ta: kí ni ó ń kà? Kí ni ó ń san èrè lé lórí? Kí ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn pàdánù nítorí rere? Bí ìdáhùn rẹ̀ bá tẹ́ ọ lọ́rùn, bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe ègé páálí nínú ife ni o ní. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, kò sí iye ìwé tí o lè rà tí yóò tún un ṣe.